Mo Pe Màmá Ní Aládùúgbò

Màmá,

Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Ẹnu ọ̀nà lẹ jókòó sí nígbà tí dókítà bi mí láàárọ̀ yìí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ní gègè. Mo ní kò sí. Wọ́n ní, "Ìyá tó wà níta yẹn ńkọ́?" Mo ní aládùúgbò wa ni.

Bí a ṣe délé, ẹ kàn gba àdúgbò Òkèrèwè lọ.

Ojú ń tì mí gan-an. Dókítà ní ohun inú ọrùn tó ń mú àyà mi lù kìkì, tó sì ń mú mi rù, lè jẹ́ àjogúnbá. Mo ń padà lọ sọ òótọ́. Ìrẹsì yín wà nínú kúlà.

Tí wọ́n bá ní kí n mú yín wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìborùn bo ọrùn. Èmi fúnra mi ni màá sọ pé, "Ìyá mi rèé."

Mojíre