Ojú Tẹlifíṣọ̀n Màmá Tí Mo Fọ́

Bàbá mi àtàtà,

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ yín. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ẹ ti lọ, mi ò sì kọ ìwé sí yín rí, torí mo rò pé àdúà nìkan ni èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí òkú. Ṣùgbọ́n mo ṣe nǹkan kan lóṣù tó kọjá tí kò ṣe é fi sínú àdúà. Mútíátù ni mo ṣe é sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí mi ò lè sọ nígbà tí ẹ wà láyé. Mo ń jowú Mútíátù. Ó ti pẹ́. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti fà á lé yín lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Ọjà-Ọba, pé kí ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ni ara mi kò ti gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, èmi sì fi ọdún méjì jù ú lọ. Ẹ rán èmi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ẹ fi òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín lórí bẹ́ǹṣì. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi wà níbẹ̀. Bí mo bá wálé ní ọlidé, tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin méjèèjì ti jẹun tán, ẹ ti rẹ́rìn-ín ohun tí ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín tán. Ohun tí ẹ máa ń bi èmi kò ju, "Ìwé ńkọ́?" Màá ní ó ń lọ. Ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ àdúà fìdáù yín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn oníbàárà yín kọ́kọ́ ń lọ bí wọ́n bá wọ àgbàlá. Òun ni wọ́n ń kí kú ará fẹ́ra kù. Bàbá àgbàlagbà kan di ọwọ́ mi mú, ó béèrè pé, "Báwo ni ìwọ ṣe jẹ́ sí olóògbé?" Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí.

Mútíátù ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní àdúgbò Fate báyìí. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé kan ní Basin. Bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wo fóònù.

Lóṣù tó kọjá, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí ẹ rà fún Màmá ṣàdédé ṣú. Ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Màmá jókòó sí pálọ̀, ó ń gbọ́ wàásí láìrí àlùfáà. Ó ní kí n pe Mútíátù. Òun náà ló tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, nígbà tí kò tàn rárá. Kàpásítọ̀ kan, ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná dúró, ló wú nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Màá ṣe é."

Màmá wò mí. "Ìwọ? Ta ló kọ́ ọ?"

Kò ní ibi kankan lọ́kàn tó fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tó tún lè fi ọwọ́ kàn lára mi tí ìbá dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé bọ́ọ̀dù tó ń gbé iná wọlé ló bàjẹ́. Mo lọ wá àlòkù rẹ̀ rà ní Ọjà-Ọba, mo pààrọ̀ rẹ̀, kò yí padà. Mo wá wo fídíò ọkùnrin kan lórí fóònù. Ó ní bí ohùn bá ń jáde tí àwòrán kò sí, kí èèyàn tan tọ́ọ̀ṣì, kó tàn án láti ẹ̀gbẹ́ sí ojú tẹlifíṣọ̀n náà, kó sì wò ó dáadáa. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí àlùfáà náà fírífírí, bí ẹni tó dúró nínú ọyẹ́. Àṣé àwòrán wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Àwọn gílóòbù wínníwínní tó tò sẹ́yìn gíláàsì, tó yẹ kó máa tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ló ti kú. Inú mi dùn débi pé mo pe orúkọ yín sókè. Mo lọ ra àwọn gílóòbù tuntun.

Ọkùnrin inú fídíò náà ní kí ọwọ́ tó lè dé ibi àwọn gílóòbù náà, èèyàn méjì ni kó jọ gbé gíláàsì náà kúrò, torí ó fẹ́lẹ́. Màmá ti lọ sí ìpàdé àdúà àsálátù. Èmi nìkan ni mo wà nílé, mi ò sì fẹ́ dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí Màmá wọlé kó bá a tó ń tàn, kó sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ló ṣe é. Mo fi àtàǹpàkò gbé igun kan sókè. Mo gbọ́ ìró kékeré kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìṣáná.

Mo ṣì to àwọn gílóòbù tuntun náà. Mo dé gbogbo rẹ̀ padà, mo tan án. Ìmọ́lẹ̀ dé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti igun yẹn, ìlà pupa àti ìlà àwọ̀ ewé ta káàkiri bí òwú aláǹtakùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ojú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ bá ti fọ́, ó ti parí. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tuntun.

Màmá wọlé. Ó bi mí pé kí ló ṣe é.

Mo ní, "Mútíátù ló fọ́ ọ nígbà tó tú u níjọ́sí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń là láti ìgbà náà."

Irọ́ náà kò há mi lọ́fun rárá, Bàbá. Ó yọ́ jáde ni.

Màmá sọ ọ́ fún àwọn obìnrin àsálátù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Alàájà tó múlé tì wá ti lọ kó tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ méjèèjì kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Mútíátù, àwọn méjì mìíràn sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo gbọ́, inú mi dùn. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ irú ọmọ tí ẹ bí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Mútíátù gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ wá sílé. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ kú ilé. Mo gbọ́ pé tẹlifíṣọ̀n yín tún ní ìṣòro."

Màmá kò tilẹ̀ ní kó dìde. "Ìwọ lo mọ ohun tí o ṣe sí i."

Mútíátù dojú tẹlifíṣọ̀n náà dé orí rọ́ọ̀gì, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀. Kó tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó nu àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni. Èmi ni mo gbé ojú yín, èmi ni mo gbé imú yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ń bẹ lára ọmọ ẹlòmíràn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó.

Ó rí bọ́ọ̀dù àlòkù tí kì í ṣe tibẹ̀. Ó rí àwọn gílóòbù tuntun. Ó gbé e dìde, ó fi ìka tọ ojú ibi tó là náà, títí tó fi dé igun ibi tí àtàǹpàkò mi wà. Ó gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Mo sì ti to irọ́ mìíràn sílẹ̀ dè é.

Màmá ní, "Ìwọ lo fọ́ ọ àbí ìwọ kọ́?"

Mútíátù ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Màá wá òmíràn fún yín."

Irọ́ tí mo tò sílẹ̀ kò wúlò mọ́. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Èmi ni mo fọ́ ọ," mo ní. "Òun kọ́. Èmi ni."

Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ló dé tí o fi purọ́ mọ́ ọn?"

"Torí pé òun ni Bàbá kọ́ níṣẹ́. Wọn ò kọ́ èmi ní nǹkan kan."

Màmá wò mí títí. Ohùn rẹ̀ kò le nígbà tó dáhùn. "Ìwọ lo ní o ò fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́. Bàbá rẹ wá mú ọ nílé ìwé, o ò jẹ́ kó di ọwọ́ rẹ mú lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Nígbà tí ẹ délé, o ń sunkún, o ní ọwọ́ rẹ̀ ń rùn, pé kó má wá mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti mú ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù."

Bàbá, mi ò rántí. Mo ti wá a títí nínú orí mi, mi ò rí i. Mo rántí òórùn òjé jíjó, èyí tí ẹ fi ń lẹ wáyà, lára yín. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ yín pẹ́ títí kí ẹ tó wọlé wá bá wa. Mo rò pé bí ẹ ṣe rí nìyẹn. Ṣé torí mi ni? Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà? Kí ló dé tí ẹ ò tún bi mí nígbà tí mo dàgbà? Àbí ẹ ń retí kí èmi fúnra mi wá sọ pé ẹ kọ́ mi? Gbogbo "Ìwé ńkọ́?" yẹn, kí lẹ fẹ́ gbọ́ gan-an?

Màmá ní kí n lọ tún orúkọ Mútíátù ṣe níbi tí mo ti bà á jẹ́. Mo dúró láàárín àwọn obìnrin àsálátù ní ọjọ́ Àìkú, mo sọ ohun tí mo ṣe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alàájà ní, "Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ," ó pòṣé, ṣùgbọ́n ó kó tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ padà sí Fate lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan nínú àwọn yòókù kò padà títí di òní. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ti rí ẹlòmíràn.

Mútíátù rí tẹlifíṣọ̀n àlòkù kan tó jọ ti Màmá. Omi òjò ti ba àwọn bọ́ọ̀dù rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ dá ṣáká. Ó pè mí. "Tíṣà, ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. A ó jọ gbé e ni." Mo lọ. Ó fi bí wọ́n ṣe ń fi mítà ìdíwọ̀n iná wò ó bóyá iná ṣì kù nínú kàpásítọ̀ ńlá hàn mí, kí ó má baà gbé èèyàn ṣánlẹ̀. A jọ gbé gíláàsì náà, kò là. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń sọ àwàdà kan tí ẹ máa ń sọ nípa ọkùnrin kan tó fi ẹ̀yìn rédíò pa aáyán. Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo rẹ́rìn-ín, owú sì tún gún mi nídìí ọkàn, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ yín.

Mo ti ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé láti ìgbà náà. Mi ò tíì mọ iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá gba tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó wò mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ọmọ iṣẹ́ tuntun lo gbà yìí? Kò ha ti dàgbà jù?"

Mútíátù kò gbé orí kúrò lórí wáyà tó ń fi òjé lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ó dùn mí díẹ̀, Bàbá. Ó sì dùn mọ́ mi.

Ẹ sùn re níbi tí ẹ wà. Màmá ń rí àlùfáà rẹ̀ dáadáa báyìí.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ bí, tó ṣì ń jowú lórí yín.