Kọ́ọ̀pù Tó Kù nínú Àwo Orin Kejì

                                        Ṣọ́ọ̀bù Alága Onífóòmù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó kí ọ, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, ìkíni ni màá máa kí títí bébà á fi tán, bí mo ṣe ṣe nínú gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń kọ sí ọ láti ọjọ́ yìí. Ọmọ rẹ tí o fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀, kí n kọ́ ọ níṣẹ́ àga, mi ò gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi gan-an ni mo kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àwo orin wọn kejì. O ti mọ̀ báyìí.

Ó yá, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ níjọ́sí ńkọ́, ṣé ó ti fún ọ láyè? Àwọn tí ẹ jọ ń fọṣọ ní ilé ìwòsàn ńkọ́, ṣé wọn ò di gbogbo iṣẹ́ rù ọ́ mọ́? Àbíkẹ́yìn rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun dáadáa? Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Ó ní tí o bá fẹ́ bínú, kí o yọ tòun sílẹ̀, òun ò sí níbẹ̀.

Mo rántí ohun tí o sọ nígbà tí Àwọn Aláìgbọràn, ẹgbẹ́ olórin pọ́ǹkì rọ́ọ̀kì ọmọ rẹ, gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. O ní ó dà bí ìgbà tí ìkòkò ń já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, tí ẹnì kan sì ń bú wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà fún ọ. Nítorí náà, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbé òòlù àti abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Aláìgbọràn, kò ṣàìgbọràn sí mi rárá. Ó ń rán ìrọ̀rí, ó ń kan ìṣó, ó ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Ọmọ tí a ti ń bẹ̀ pé kó panu mọ́ látìgbà tó ti ń rákòrò, ó wá dákẹ́ bí àga. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ.

Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló ń rò. Ó ní, "Bàbá, àwo orin àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe àwa la wà nínú ẹ̀. Àwọn tó gbà á sílẹ̀ fọ ohùn wa títí ó fi ṣá. Mo fẹ́ ṣe kejì níbi tí ògiri ti máa dá wa lóhùn." Ojú rẹ̀ wá lọ sí ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo ní kó lọ pè wọ́n wá.

Kí n má purọ́ fún ọ, mo kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. O mọ̀ mí, nǹkan líle ò lè wà níwájú mi kí n má wá tìmùtìmù sí i. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe wọ́n. Kí wọ́n tó dé, mo fi fóòmù bo ògiri, mo bo àjà, mo bo ilẹ̀kùn, mo tiẹ̀ bo ẹsẹ̀ tábìlì. Iṣẹ́ náà dára débi pé ó wù mí kí àwọn oníbàárà mi wá wò ó. Wọ́n gbé gìtá, wọ́n to dírọ́ọ̀mù, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ ń pariwo, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ń bá ìrọ̀rí sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Etí Ológbò, yọ nǹkan tó fi bo etí.

"Bàbá, iṣẹ́ yín dára o. Ẹ pa yàrá náà, ẹ sì tún wọ̀ ọ́ láṣọ ìsìnkú."

Ọmọbìnrin sìgbọnlẹ̀ tó ń lu dírọ́ọ̀mù, Àgbá ni wọ́n ń pè é, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ojú tì mí, mo fẹ́ máa lọ sílé. Ọmọ rẹ ló ní, "Ẹ má lọ, Bàbá. Ẹ bá wa já a ni." A wá jọ já a.

Nígbà tí ògiri wà níhòòhò, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé girama ni mo kàwé mọ, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lápò mi, mi ò mọ bí màá ṣe sọ èyí. Àga oníbàárà kan tí mi ò tíì fi fóòmù sí ni mo jókòó lé, sípíríńgì lásán ló wà lábẹ́ mi. Bí Àgbá ṣe lu ìlù báyìí, ìṣó inú agolo fò sókè. Sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé fóòmù, tó wà lára ògiri, ń gbọ̀n. Ohùn ọmọ rẹ wá gun orí gbogbo rẹ̀, ó lọ kan páànù òrùlé, ó padà wá bá wa, ó ti di ohùn ogún èèyàn. Sípíríńgì abẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo ní kí n dìde, Etí Ológbò nawọ́ sí mi pé kí n má mira. Mo wà níbẹ̀ bí ẹyin lábẹ́ adìyẹ. Omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Ọmọ tó máa ń di aṣọ mi mú kó tó lè kọjá níbi tó bá ṣókùnkùn, òun náà ló dúró níwájú mi yìí, tí ohùn rẹ̀ tó ilé. Mo ti ń bá a gbé láti ọjọ́ yìí, àṣé mi ò tíì rí i rí.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà fún wa gbọ́, sípíríńgì náà wà nínú ẹ̀, ó ń dún lábẹ́ gìtá. Etí Ológbò ní òun ò ní yọ ọ́. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ fi lùlù nínú àwo orin náà, sọ fún wọn pé ìdí ni. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ tó bá mi mu jù lọ nìyẹn.

Wọ́n ti ṣe gbogbo orin tán báyìí, àfi èyí tó kẹ́yìn, torí ẹ̀ ni mo sì ṣe ń kọ̀wé. Kò sí gìtá níbẹ̀rẹ̀ orin náà. Nǹkan kan ló máa ń dún: kò, kò, kò-kò-kò. Ọmọ rẹ á wá mú un jẹ́jẹ́ pé, "Ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ mọ́, ta ló ṣì ń sùn?" Wọ́n fi òòlù mi lu irin, ọmọ rẹ mirí. Wọ́n fi ṣíbí lu ìgò, ó tún mirí. Àgbá lọ ra kọ́ọ̀pù tuntun wá, ọmọ rẹ ní èyí ò tíì jìyà tó. Ìgbà yẹn ló yé mi. Kọ́ọ̀pù irin rẹ ni, èyí funfun tí ọ̀dà ẹnu rẹ̀ ti hó, tí o fi máa ń lu irin fèrèsé láàárọ̀ kùtù kó o tó lọ síbi iṣẹ́, tí ará ilé àti aládùúgbò ò ní lè sùn mọ́. Mo rántí ọjọ́ tí mo sùn lọ́dọ̀ yín tí mo rò pé ọlọ́pàá ló dé.

Mo bi ọmọ rẹ bóyá ńṣe ló ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí. "Bàbá, ìlù tí mo kọ́kọ́ gbọ́ láyé mi nìyẹn. Màmá mi ló kọ́ mi pé téèyàn bá fẹ́ kí wọ́n jí, kì í fi ohùn kẹ́lẹ́ pè wọ́n."

Àgbá ní kò le, kí ẹnì kan ṣáà lọ mú kọ́ọ̀pù náà nígbà tí o bá wà níbi iṣẹ́. Ọmọ rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò ní jalè nílé ìyá òun, tí wọn ò bá fún òun, kí wọ́n yọ orin náà kúrò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Etí Ológbò máa kó ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Ọmọ rẹ ti ń rìn káàkiri ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó sì tún ti ń dákẹ́.

Bóyá èmi ni mo ṣìnà. Bóyá àgbàlagbà tí ariwo ọmọdé ti gbà lórí ni mí. O fi ọmọ lé mi lọ́wọ́ kí n tún un ṣe, mo wá ń sọ fún ọ pé kò bàjẹ́. Oníbàárà tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, á bínú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ yẹn, etí tèmi nìkan kéré jù fún un.

Bá mi kí àbíkẹ́yìn rẹ, kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, kí o sì kí aládùúgbò rẹ tó máa ń ṣépè fún kọ́ọ̀pù yẹn. Sọ fún un pé kó rọra, ó fẹ́ di olókìkí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, mi ò ní fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Lọ́la tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ, màá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́, màá tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ, màá sì jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, ẹ̀rọ orin á wà lórí itan mi, títí wàá fi kà á tán. Tí o bá fẹ́ gbọ́ ọmọ rẹ, ṣílẹ̀kùn. Tí o bá gbọ́ ọ tán, wọ bàtà rẹ kí o mú kọ́ọ̀pù náà dání, torí mi ò mọ̀ ọ́n lù bíi tìẹ.

Èmi náà ni tìrẹ, tó ń gbọ̀n bíi sípíríńgì,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Onífóòmù.