Ìwọ Ni Kó O Wá Ṣe Òbí Mi Lọ́jọ́bọ̀

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí inú mi,

Mi ò mọ àsìkò tí ìwé yìí máa bá ọ, nítorí náà tó bá jẹ́ àárọ̀, káàárọ̀ o, tó bá jẹ́ ọ̀sán, káàsán, tó bá sì jẹ́ pé inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó o sọ yẹn lo ti ń kà á, níbi tí ẹ ò ti mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, kú ìjókòó, kú ìfaradà. Ìbọn ò ní mọ orúkọ rẹ. Ilé tó o bá wọ̀ ò ní wó. Ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ náà ni wàá fi rìn padà wọ ẹnu ọ̀nà yìí. Bàbá rẹ ní kí n má fi gbogbo ìwé ṣe àdúrà, pé bébà ti wọ́n, ṣùgbọ́n òun náà ló ṣe àmín tó gùn jù.

Ara gbogbo wa le. Àbúrò rẹ ti ga débi pé bàtà rẹ tó o fi sílẹ̀ lábẹ́ ibùsùn ti ń há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ ṣì ń rán bàtà, ó kàn jẹ́ pé bàtà àwọn tó sá kúrò ní ìlú ló ń tún ṣe jù báyìí, ó sì ní tí òun bá ti wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, òun lè sọ bí ọ̀nà tí ẹni náà gbà wá ṣe jìn tó. Mo ní kó máa gbowó iṣẹ́ rẹ̀, kó yé gba ìtàn.

Mo rí fóònù rẹ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń kó ìyẹ̀fun lọ sí ìlú, ẹni tí wọ́n ń pè ní Má-fòyà. Inú ìbọ̀sẹ̀ ló fi í sí, bó o ṣe sọ. Mo ka ìwé rẹ sókè kí bàbá rẹ lè gbọ́. Ó yé wa pé nẹ́tíwọ̀kì ò sí mọ́ ní gbogbo àdúgbò yín, pé àwọn olùkọ́ ti tú ká, pé ẹ̀yin tí ọ̀nà dí mọ́ ń sùn lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú bàbá aṣọ́nà, àti pé olùkọ́ yín ti wà ní ìlú mìíràn, láti ibẹ̀ ló ti ń kọ́ kíláàsì tó fẹ́ ṣe ìdánwò lórí fóònù. O ní ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, kò ní ṣe ìdánwò. O wá ní kí n gbé fóònù lọ síbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá wà, kí n máa bá ọ dáhùn, kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá kọ́ wa sílẹ̀, kí Má-fòyà máa gbé e wá fún ọ. Ọmọ mi, ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa gbé àbúrò mi pọ̀n. Mi ò mọ̀ pé ogun ló máa dá mi padà sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n mo ti wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí báyìí.

Ibi ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo lórí òkè nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì wà, lẹ́bàá fèrèsé, tí èèyàn bá jókòó lórí àpò. Bàbá ẹlẹ́rọ gbà mí láyè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ rẹ àtijọ́, nítorí mo rí i pé fóònù náà ní ojú níwájú orí, mi ò sì fẹ́ kí olùkọ́ rí aṣọ tí kò mọ̀. Ó fún mi láyà díẹ̀, bọ́tìnnì kan já. Bí olùkọ́ ṣe sọ̀rọ̀, mo dìde. Àwọn tó wá lọ àgbàdo rí i pé mo dìde, àwọn náà dìde, wọ́n rò pé èèyàn ńlá kan ló ń kọjá lọ.

Olùkọ́ ní kí oníkálukú pa ẹnu fóònù rẹ̀ dé. Mo tú gèlè mi, mo fi dì í lẹ́nu, mo so ó le. Ó wá pe orúkọ rẹ. Mo ní mo wà. Kò gbọ́. Ó tún un pè, mo tún dáhùn, kò tún gbọ́, òógùn bò mí, mo ti rò pé mo ti fi gèlè ba ayé ọmọ jẹ́. Bàbá ẹlẹ́rọ ló pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó fa gèlè yẹn kúrò, ó tẹ nǹkan kan, ó sì fi ohùn rẹ̀ tó dà bí ti akọ màlúù kígbe pé o wà, pé o wà dáadáa, ṣé etí olùkọ́ di ni. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní Ẹlẹ́rọ. Bó o bá padà sáàárín wọn, kó o dáhùn sí i.

Mo máa ń rẹ ohùn mi sílẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀fun bá ń dùn ọ́. Olùkọ́ ò fura rárá. Ohun kan ṣoṣo tó ń yà mí lẹ́nu ni pé bó bá ń bá àwọn yòókù wí, á ní ìwọ, jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ, orí ẹ ń bẹ níbí ṣá? Ṣùgbọ́n bó bá kan èmi, á ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti kọ ọ́ tán, ṣé kí òun dúró dè yín. Mo sọ fún bàbá rẹ pé o mà níwà ní ilé ẹ̀kọ́ o, tí olùkọ́ fi ń bọ̀wọ̀ fún ọ tó báyìí. Inú wa dùn.

Ojú kọ́kọ́ tì mí púpọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ti mọra wọn tipẹ́, kí olùkọ́ tó dé ni wọ́n á ti máa bú ara wọn bí ọmọ ìyá, èmi á kàn jókòó sórí àpò mi, mi ò ní mọ ẹni tí mo máa kí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ á máa gbọ́. Mo ti mọ̀ wọ́n lóhùn. Ọmọbìnrin kan wà tí ajá ń gbó lẹ́yìn rẹ̀ nígbà gbogbo, Alájá ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló wà, kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé oúnjẹ ò tó wọn. Ọmọkùnrin kan sì wà tí ohùn rẹ̀ ń já bíi ti òbúkọ, òun ló ń yọ gbogbo ayé lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ béèrè pé báwo la ṣe mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń yára ju ìró lọ. Alájá ní bí iná bá ti bù yẹ̀rì lójú fèrèsé, àwọn máa ń ráyè wọ abẹ́ tábìlì, kí wọ́n sì fa ajá wọlé, kí ariwo tó dé. Olùkọ́ ní ìdáhùn náà tọ̀nà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ajá. Ọjọ́ kejì ló kọ́ wa pé yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn èèyàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bàbá rẹ ní a jẹ́ pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni gbogbo wa ń gbé kiri, àwa tí a ò lówó páànù. Mo ti pín tèmi: àbúrò rẹ wà nísàlẹ̀ kí n lè máa wò ó, bàbá rẹ ń hanrun ní ìkejì, òkè méjèèjì, ìwọ nìkan lo kó ẹrù sí i. Ní ti ìṣirò, má bínú, òdo ni mo gbà fún ọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ ní òdo yẹn mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ tí ó dùn mí ni ọjọ́ tí wọ́n pe Olóhùn-òbúkọ tí kò dáhùn. Olùkọ́ pè é, ó dúró. Ó tún pè é. Ajá gan-an ò gbó. Bàbá ẹlẹ́rọ ti fẹ́ tan ẹ̀rọ, mo na ọwọ́ sí i pé kó má ì tíì tàn án. Olùkọ́ kọjá sí orúkọ tó kàn, ohùn rẹ̀ ti yí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pè é, ọmọ náà dáhùn, ó ní fóònù àwọn ni àwọn fi ṣe àtùpà tí ó fi kú. Èébú tí wọ́n bú u lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi náà gbàgbé ara mi, mo fi ohùn ara mi sọ fún un pé kó má dán irú ẹ̀ wò mọ́, ọmọ burúkú. Ọmọ náà ní ẹ má bínú, mà.

Bóyá ọjọ́ náà ló fà á tí olùkọ́ fi sọ ohun tí mo torí ẹ̀ kọ ìwé yìí. Ó ní àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ti gbọ́ pé wọ́n ń dáhùn fún ẹni tí kò sí, nítorí náà òun ò ní fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ láìbá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó pe olúkúlùkù ní orúkọ. Nígbà tó kàn mí, ó rọra sọ ọ́, ó ní kí ẹ̀yin náà pe òbí tiyín wá o, ohùn òbí yín ni mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ìdààmú bá mi. Bàbá rẹ ní òun máa lọ, mo ní ọkọ mi ni ọ́, o kì í ṣe òbí mi. Àwọn tó bí mi ti lọ sí ilé wọn tipẹ́. Mo ronú títí, ó wá yé mi. Èmi ni mo jókòó sí àyè rẹ, èmi ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àyè tèmi ló ṣófo. Ìwọ lo rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìwọ lo ní kí n má pa á jẹ. Ta ni òbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìwọ ni kó o wá.

Má-fòyà ní wọ́n ti tún òpó nẹ́tíwọ̀kì etí afárá ṣe, níbi tí wọ́n ti ń já ìyẹ̀fun. Ọjọ́bọ̀ náà ni wọ́n máa ń sinmi ìbọn kí oúnjẹ lè wọ̀lú, ìwọ àti bàbá aṣọ́nà sì máa ń wá gbé tiyín níbẹ̀. Ó ní òun á yá ọ ní fóònù òun. Jọ̀ọ́, má rìn jáde ṣáájú kí wọ́n tó gbé àsíá funfun sókè. Bí ìbọn bá ń dún, jẹ́ kí ìdánwò lọ, a ó tún rí òmíràn.

Níwọ̀n ìgbà tó o ti di òbí mi, ìnáwó mi ti di tìrẹ: bírò mi ti ń tán, mo fẹ́ ìwé alákọsílẹ̀, kó o sì fi owó bọ́tìnnì kan kún un. Tí kò bá sí, a ò ní torí ẹ̀ jà, òbí tó ń gbìyànjú ni ọ́.

Kí ọwọ́ tó ń gbé ìyẹ̀fun má ṣe gbé ohun ìbànújẹ́. Kí ilẹ̀ tó o sùn lé lórí gbé ọ dìde. Má rẹ ohùn rẹ sílẹ̀ bí èmi ṣe ń ṣe o, ohùn rẹ gan-an ni kó o fi sọ̀rọ̀, ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ. Màá wà lórí àpò mi, bàbá rẹ àti àbúrò rẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bàbá ẹlẹ́rọ sì ti ṣèlérí pé ẹ̀rọ ò ní dún. Nígbà tí olùkọ́ bá pe orúkọ rẹ lọ́jọ́ náà, èmi á pa ẹnu mi mọ́. Ìwọ ni kó o dáhùn.

Èmi ìyá rẹ, tó tún jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ.