Omi Kànga Wa Ti Mọ́

Iléṣà, 1974

Bọ̀ọ̀dá mi Oyèṣọlá,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Kàdúná. Ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti kó iyẹ̀pẹ̀ onímájèlé kúrò ní ilé iṣẹ́ oògùn kòkó àtijọ́ ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n sì fa omi kànga gbẹ títí tuntun fi sun. Màmá ju ẹja àrọ̀ sí i. Nígbà tí ẹja ò kú, Màmá ní ká bu omi wá. Mo ní ká dúró de èsì àyẹ̀wò omi tí a fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Màmá bi mí pé, “Ọláìtán, ṣé ìwé ló ń gbé inú omi ni?”

Èsì dé lánàá: ó dára. Mo ṣì ń ṣiyèméjì díẹ̀, ṣùgbọ́n mo mu ife méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún oníbàárà tó fẹ́ ra ilé yẹn pé a ò ta ilé Bàbá nítorí omi mọ́. Kí Ọlọ́run mú yín délé wá mu níbẹ̀.

Àbúrò yín,
Ọláìtán