Ohùn Yín Inú Dùùrù Oníná

Ìsẹ́yìn, Sátidé, 14 November 1987

Bàbá Dúpẹ́ mi, ó rẹ̀ mí lónìí.

Níbi ìdánrawò akọrin, Àyọ̀ tó gba ipò yín nídìí dùùrù oníná pè mí. "Ìyá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ohùn mẹ́jọ péré téèyàn tò fúnra rẹ̀ ni dùùrù yìí lè fi pamọ́, ó sì ti kún. Mo fẹ́ fi tèmi sórí ti Bàbá. Ṣùgbọ́n tiwọn á parẹ́."

Ohùn tí ẹ fi odindi oṣù méjì tò, tí ẹ ń da ti fèrè pọ̀ mọ́ ti gòjé! Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ìyá Bọ́lá tí a jọ ń kọrin ní, "Ṣé dùùrù náà ń ṣe opó ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Àyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó kọ gbogbo nọ́ńbà tí ẹ fi to ohùn náà sínú ìwé kan, ó fún mi. "Ẹ tọ́jú ẹ̀, mà. Ọjọ́ tó bá wù yín, màá tún un tò."

Mo ní kó máa ṣe é. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó parí.

Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ńbà lásán ni, n kò sì mọ bí a ti ń tẹ dùùrù. Nígbà ayé yín, ẹ ní ẹ óò kọ́ mi. Èmi ni mo ní ọwọ́ mi dí.