Ilà Ìka Àbúrò Mi

Olóòtú wa Vimla, ẹ kú ohùn tó ń tu àgbà lára lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Àwọn ará Banaras lẹ́nu jù.

Àbúrò mi Girdhari fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun fẹ́ kọ́ sìtá, ohun èlò orin oníwáyà yẹn. Èmi ni mo bẹ olùkọ́ sìtá, Gúrú Umakant, kí wọ́n máa wá kọ́ ọ nílé. Ọ̀lẹ paraku! Àfi tí Gúrú bá dé ló ń fọwọ́ kan wáyà. Gúrú wá ní, “Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìka rẹ ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò.” Torí wáyà máa ń fa ilà sí ìka ẹni tó bá ń dánra wò.

Ni oníyẹ̀yẹ́ bá fi òwú so ìka rẹ̀ pinpin láàárọ̀ ọjọ́ náà kó lè fa ilà, ó sì tú u kí Gúrú tó dé. Gúrú wo ilà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Alàgbà Girdhari! Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì la fi ń tẹ wáyà. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ so.”

Wọ́n ní àwọn ò wá mọ́.

Girdhari wá ń sunkún: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Kí n tún lọ dọ̀bálẹ̀ nítorí òpònú? Olóòtú, tó bá ti ń sùn lọ́sàn-án, èmi ni mò ń fi sìtá rẹ̀ kọ́ ohun tí mo gbọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ìlẹ̀kùn. Ilà wà ní ìka òsì mi, kò sí òwú níbẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n bá a bẹ̀bẹ̀ ni, àbí kí n kúkú lọ na ọwọ́ òsì sí Gúrú, kí wọ́n máa kọ́ èmi gan-an?

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n ọ̀lẹ.