Ọdúnjọ Kò Jẹ̀bi Ọ̀rọ̀ Làtífátù

Bí olùkọ́ bá kọ́ni ní àṣìṣe, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣe é gẹ́lẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ, ta ló jẹ̀bi? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́ta.

Èmi, Rẹ̀míláyọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Akíndàmọ́lá, olùkọ́ àwọn tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn, tí mò ń gbé ní Igbó Ẹfọ̀n, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ara mi kò le, ṣùgbọ́n orí mi pé. Mo yan àbúrò mi, Oyinkọ́lá, àti agbẹjọ́rò mi, Kamaldeen, láti mú un ṣẹ.

Èkíní: Fúláàtì mi ní Jákàńdè, Ìlasàn, di ti Oyinkọ́lá. Mo mọ̀ pé yóò tà á. Kó tà á. A ti jà lé e lórí tó.

Èkejì: Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pín àwọn ìwé mi. Kí wọ́n ṣọ́ra fún ohun tí mo fi pẹ́ńsùlù kọ sí etí ojú ìwé. Ó dá mi lójú jù nígbà náà.

Ẹ̀kẹta: Ilé ẹ̀kọ́ tí mo dá sílẹ̀ ní Ajah di ti Ọdúnjọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí mo lé lọ.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Níbẹ̀, ẹni tó bá ń wá ìwòsàn á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Mo bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo kàwé títí, àmọ́ mi ò bọ́ ìjẹ́wọ́ sílẹ̀. Mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí aláìsàn sọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Làtífátù, ọmọ apẹja láti etí ọ̀sà, wá bá wa fún ìtọ́jú. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń hùwà ìkà sí i, nílé bàbá àti nílé ọkọ. Ọdúnjọ dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí a fún un lóṣù díẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo bi í bóyá òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó dìde, ó wọlé, ó ṣe bí mo ṣe wí. Wákàtí mẹ́ta ni Làtífátù fi sọ̀rọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ọdún méje rèé.

Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń fún wa ní àṣẹ iṣẹ́ pé Ọdúnjọ ló kánjú. Irọ́ ni. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọkọ̀ yanrìn ló ń wà báyìí lọ́nà Lẹ́kkí Free Zone. Kí Kamaldeen mú ojú ìwé yìí lọ fún wọn kí ẹ tó sin mí.

Ẹ̀kẹrin: Ilẹ̀ mi ní Ìbẹ̀jú di ti Làtífátù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kó wá dúpẹ́. Kí ẹ má bi í ní ìbéèrè kankan. Ẹ fi ìwé ilẹ̀ náà síwájú rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Mo tún ka ẹ̀kẹta. Kí ló dé tí mo fi fẹ́ kí òkú mi bá mi jẹ́wọ́? Ìtìjú ni. Mo ti fa igi lé “kí ẹ tó sin mí.” Kí Kamaldeen mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún ìgbìmọ̀ náà lónìí, nígbà tí wọ́n ṣì lè pè mí kí wọ́n sì bi mí léèrè.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà; bí àwọn ẹlẹ́rìí bá dé, a ó jọ fọwọ́ sí i ní ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀.

Rẹ̀míláyọ̀ Àbẹ̀kẹ́ Akíndàmọ́lá
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2019

Ẹlẹ́rìí: Fàrídà Odùkọ̀yà, Àyúbà Akínọ̀ṣọ́